Ọkà Ilẹ̀ Ṣíṣá

Fún ọdún méjìlélógún tí Dókítà Àdìjátù Ládòkun fi ṣiṣẹ́ lórí ọkà bàbà, kò sí ìpàdé kan tí wọ́n pè é sí tí alága kò kọ́kọ́ dìde láti sọ pé obìnrin àkọ́kọ́ nìyí. Obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè Dókítà nínú ìmọ̀ irúgbìn nílé-iṣẹ́ ìwádìí wọn. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ibùdó. Obìnrin àkọ́kọ́ tó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ ìjọba láti Ìbàdàn dé Ṣakí. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, alága á sì jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, bí ẹni pé òun ló bí i. Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé, lẹ́yìn tó ti jẹ́ àkọ́kọ́ tán, kí ló wá ń ṣe.

Ohun tó ń ṣe kò ṣòroó sọ. Ọkà bàbà tí yóò so dáadáa lórí ilẹ̀ ṣíṣá ló ń wá. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ti ń rẹ̀. Oko tí bàbá ẹni máa ń fi sílẹ̀ fún ọdún méje kó lè sinmi, ọmọ kò lè fi í sílẹ̀ ju ọdún méjì lọ mọ́, nítorí ẹnu ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì bímọ. Fatiláísà ìjọba wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ láti Ìbàdàn gùn, ọ̀pọ̀ àpò ló sì máa ń ṣìnà. Bí Dókítà ṣe di alárenà ọkà nìyẹn: ó ń mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti ìhín fún ti ọ̀hún, ó ń gbin ọmọ wọn, ó ń ju ọ̀lẹ inú wọn nù, ọdún gorí ọdún, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo tó ní nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin lára. Kò fún un lórúkọ. Ó ní orúkọ yóò dé lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irúgbìn wò ní Ìbàdàn bá fọwọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ náà kì í fọwọ́ sí irúgbìn láìrí èsì ọdún mẹ́ta lóko àgbẹ̀ gidi. Oko mẹ́ta ni Dókítà fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983. Ti Ìrawọ̀, ẹyẹ jẹ ẹ́ ku pòròpórò. Ti Ìsẹ́yìn, olóko rò ó wò, ó sì gbin tábà sí i. Ó wá ku ti Ògbóòrò nìkan. Ó so dáadáa lọ́dún kìn-ín-ní, ó so dáadáa lọ́dún kejì. Bí ọdún kẹta ṣe wọlé ní 1985, lẹ́tà dé láti orílé-iṣẹ́ pé wọn yóò ti ibùdó Ṣakí pa ní ìparí ọdún, kí Dókítà Ládòkun, tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, máa múra ìfẹ̀yìntì. Bí ọdún kẹta yìí bá bàjẹ́, kò sí ọdún kẹrin. Iṣẹ́ ọdún méjìlélógún yóò di ìwé inú dúrọ́ọ̀.

Olóko Ògbóòrò ni Jímọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Kíkẹ́. Nígbà tí Dókítà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe máa pè é. Ó ní òun kò bí. Wọ́n wá pè é ní Ìyá Onírúgbìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ náà dùn mọ́ òun ju Dókítà lọ. Ẹni tó bá pẹ́ nílé-ìwé tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ní ohun tí kò ní jẹ́wọ́.

Ètò oko náà kò le. Wọ́n pín ilẹ̀ ẹ̀bá títì sí méjì. Apá ọ̀tún, nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin. Apá òsì, ọkà àtijọ́ tí bàbá Jímọ̀ ń gbìn kó tó kú. Ọjọ́ kan náà ni wọn yóò gbìn wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò ro wọ́n, apá kankan kò sì gbọdọ̀ jẹ fatiláísà tàbí ìgbẹ́ màlúù, kí ojú lè rí èyí tó lè dá ara rẹ̀ gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìyà tó wà nínú ètò náà, Bàbá Kíkẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ebè rẹ̀ máa ń tò gbọọrọ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa lọ dúró sẹ́bàá títì, kó fọwọ́ lẹ́yìn, kí àwọn tó ń kọjá má baà ṣi ẹni tó ni oko mọ̀. Ní báyìí, ìdajì oko ọ̀hún pupa rúsúrúsú, ó sì ga dé orúnkún lásán. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Ṣakí bọ̀ a máa bi í léèrè bóyá ìyàwó méjì ló ní lóko, tó ń bọ́ ọ̀kan, tó ń febi pa ìkejì. A fi Ọlọ́run búra pé òun kò bọ́ ìkankan nínú wọn. Wọ́n á ní àwọn mọ̀, pé bí àwọn oníyàwó méjì ṣe máa ń wí náà nìyẹn.

Ọdún méjì ló fi fara dà á. Gbogbo ohun tó lè ba ìdánwò jẹ́ ni Dókítà ti kìlọ̀ lé lórí: ewúrẹ́, màlúù, ẹyẹ, iná ìgbẹ́. Kò rántí àna.

*

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pe Dókítà sí Ìbàdàn láti fún un ní pátákó ìyìn, igi dídán kan tí wọ́n kan irin mọ́ lójú, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára irin náà pé obìnrin àkọ́kọ́ ni. Ọjọ́bọ̀ ni ayẹyẹ náà. Ó yẹ kó padà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n onífótò ní fótò yóò ṣe tán lọ́jọ́ Ajé, òun náà sì rò ó pé ẹni tó ti ń tẹ ẹrẹ̀ fún ọdún méjìlélógún lè dúró de fótò kan ṣoṣo. Ó dúró. Nígbà tí fótò dé, fìlà Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí wọn ló bo ìdajì ojú Dókítà.

Ó padà sí Ṣakí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ìṣó lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí náà ó gbé pátákó náà lé orí òkìtì lẹ́tà tó wà lórí tábìlì. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò ka àwọn lẹ́tà náà bó bá di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ibùdó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mẹ́káníìkì ní ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Àárín kí ohun náà lọ kó sì bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sì sí ẹni tó gbé pátákó kúrò lórí lẹ́tà.

Lọ́jọ́ tí ó wá dé Ògbóòrò, ó páàkì sí ibi tó máa ń páàkì sí, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe òun. Apá òsì ti dúdú minimini. Ó ga dé èjìká. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè sọ ibi tí ọkà àtijọ́ parí sí àti ibi tí ti òun bẹ̀rẹ̀. Ó wọ inú aporo, ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ kan ewé bí ẹni tó ń kan iwájú orí ọmọ aláìsàn. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ahéré Bàbá Kíkẹ́. Àpò fatiláísà méjì tó ti ṣófo ni wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n fi ta ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bàbá Kíkẹ́ ń bọ̀ láti abẹ́ igi ẹmì, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

“Bàbá Kíkẹ́, kí ni ọkà yìí jẹ?”

“Ẹ jókòó ná, Ìyá Onírúgbìn.”

“Mi ò fẹ́ jókòó.”

“Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dúró gbọ́.”

Ó jókòó sórí gbòǹgbò. Bàbá Kíkẹ́ wá ṣàlàyé. Mọ́nsúrù tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ṣakí ló ń fẹ́ Kíkẹ́. Kí wọ́n tó so yìgì, ó gbọ́dọ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyàwó, kó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ fún un. Ó kó ọ̀dọ́mọkùnrin méjìlélógún wá. Ọkọ míì a mú ọkọ́ wá, ìyẹn tún gbé àpò fatiláísà méjì sórí ọkọ̀, kí ayé lè mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kì í ṣe òtòṣì. Bí wọ́n sì ti dé, wọ́n wo oko. Wọ́n rí apá kan tó yó, wọ́n rí apá kan tí ebi ń pa. Kí ni ẹni tó fẹ́ kí àna yìn ín yóò ṣe? Apá òsì ni wọ́n dà á sí tán. Wọn kò fi ẹ̀kúnwọ́ kan kan apá ọ̀tún. Wọ́n ní ìyẹn ti jẹun.

Dókítà béèrè ibi tí Bàbá Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń dà á.

Ó ní abẹ́ igi ẹmì yìí náà ni. Bàbá ìyàwó kì í dá sí iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Kì í tọ́ka pé ẹ ṣe tibí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. Jíjókòó ni yóò jókòó títí wọn yóò fi parí, yóò sì yìn wọ́n. Ẹni tó bá ní kí àna má fọwọ́ kan oko òun, ó ti kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ iṣẹ́ àna, ó ti kọ àna.

“Ẹ kò wá lè sọ pé oko ìjọba ni?”

“Mo ti sọ fún gbogbo Ògbóòrò fún ọdún méjì pé oko mi ni.”

Ohun tí kò jẹ́ kí Dókítà rẹ́rìn-ín ni pé ó rẹ̀ ẹ́. Bàbá Kíkẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá Onírúgbìn, Kíkẹ́ ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mọ́nsúrù ni ẹni kẹrin tó wá. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wò ó, wọ́n lọ, wọn ò padà. Ṣé kí n lé ẹni kẹrin nítorí ọkà? Ẹ wí, kí n gbọ́.”

Dókítà fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní kò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Bàbá Kíkẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní òun ránṣẹ́; Alífà ló bá òun kọ ọ́, awakọ̀ kan sì mú un lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọ̀wẹ̀.

Nígbà tí Dókítà padà sí ọ́fíìsì, kò bọ́ bàtà kó tó gbé pátákó ìyìn kúrò. Lẹ́tà náà ni ìkẹta láti òkè. Kò gùn. “Àwọn àna mi ń bọ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Bí ẹ̀yin bá sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan apá òsì, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Bí èmi bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni.” Lọ́jọ́ Sátidé náà, Ìbàdàn ló wà, ó ń dúró de fótò.

*

Ọ̀gá Àgbà Ọlágòkè dé Ṣakí ní oṣù kẹwàá láti ṣètò ọjọ́ àfihàn oko. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó wọ súùtù sàfárí aláwọ̀ eérú, bàtà rẹ̀ kò sì tíì mọ erùpẹ̀. Ó sọ fún Dókítà pé àwọn oníwèé-ìròyìn ń bọ̀, pé òun ti rí ibi tí òun yóò dúró sí. Ó tún sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ orílé-iṣẹ́ ń rọ òun pé kí wọ́n pe irúgbìn tuntun náà ní Ọlágòkè Kìn-ín-ní. Òun ti kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe lágídí tó. Dókítà mọ gbogbo òṣìṣẹ́ orílé-iṣẹ́. Èyí tó lágídí jù nínú wọn ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọ̀gá Àgbà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì béèrè bóyá ẹlòmíì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Fúlàní máa ń da ẹran gba ibẹ̀. Kí màlúù jẹ apá òsì lóru ọjọ́ kan ṣáájú àfihàn. Dókítà ti wọn ọkà àtijọ́ náà fún ọdún méjì. Ó mọ iye tó máa ń so. Kó kọ iye náà sílẹ̀ fún ọdún kẹta, kó ní òun ti wọ̀n ọ́n kí màlúù tó dé.

“Ta ni yóò bi màlúù léèrè, Màmá?”

Dókítà ní kó fún òun láyè láti rò ó. Àwọn kan yóò ní kò yẹ kó béèrè àyè. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò tíì lo ọdún méjìlélógún lórí ohun kan. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé iye tí Ọ̀gá Àgbà ní kó kọ, iye tó tọ̀nà ni. Bí wọn kò bá ti da fatiláísà sí i, iye tí apá òsì ì bá so nìyẹn, ó lè fi orí rẹ̀ búra. Irọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ó ku kí ó ṣẹlẹ̀ ni.

Ó ronú kan bàbá rẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò bá rí ẹlòmíì bi léèrè. Bàbá rẹ̀ hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Nígbà kan, ó ṣi òwú kan lò nínú sányán ìjòyè kan, àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀ gbọọrọ, ó gùn tó apá. Ìtàn náà ì bá ràn án lọ́wọ́ bí bàbá rẹ̀ bá tú aṣọ náà hun látìbẹ̀rẹ̀. Kò tú u. Ó ní kí télọ̀ ká ibẹ̀ sínú, ìjòyè náà sì wọ̀ ọ́ títí ó fi kú, wọ́n sì yìn ín.

Ohun tó mú kí ó sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé rárá kì í ṣe ohun tó ṣeé kọ sára pátákó ìyìn. Ó ronú kan Fúlàní tí wọn yóò mú fún oko tí kò jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rẹ̀ ẹ́. Irọ́ gba agbára. Ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ máa rántí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, níwájú Bàbá Kíkẹ́, níwájú ara rẹ̀ bó bá jí. Kò sí ibi tí yóò ti rí agbára ìrántí náà mọ́.

Ọ̀gá Àgbà ní kó má bínú, pé àárẹ̀ ló ń ṣe é. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

*

Ọjọ́ àfihàn bọ́ sí àárín oṣù kọkànlá, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Wọ́n ta tapólì sẹ́bàá títì, wọ́n to àga onírin. Àwọn àgbẹ̀ wá láti Ògbóòrò, láti Ṣakí, àwọn obìnrin ọlọ́kà wá láti Ìrawọ̀. Mọ́nsúrù náà wá, ó wọ léèsì, ó jókòó sí ibi tí ojú yóò ti máa rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ba nǹkan jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Kíkẹ́ ti yọ́ wá bá Dókítà lẹ́yìn ahéré. Ó ní òun mọ̀ pé yóò sọ òótọ́, òun kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n so yìgì. Kó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ní ọmọbìnrin.

Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Ó ní obìnrin àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà dìde, ó sì rìn lọ dúró sí agbede méjì oko, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé.

“Ẹ kú ìjókòó o. Apá ọ̀tún mi yìí, ọkà tuntun ni. Kò jẹ nǹkan kan láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín. Apá òsì, ọkà àtijọ́ ni. Kò yẹ kí òun náà jẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó jẹ àpò fatiláísà méjì. Ẹni tó fún un fi inú rere fún un, bí ọmọ ṣe ń ṣe fún bàbá rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi kó tó ṣẹlẹ̀, mi ò sí nílé láti kà á. Ẹ̀bi mi ni. Ìdánwò ọdún yìí ti bàjẹ́, mi ò sì lè gbé e lọ sí Ìbàdàn.”

Àwọn àgbẹ̀ ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì bojú wo aago rẹ̀. Ìyá kan láti Ìrawọ̀, Àwáwù lorúkọ rẹ̀, tó ti ń gbin ọkà kí wọ́n tó bí Ọ̀gá Àgbà, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

“Ìyá Onírúgbìn, ẹ tún un wí. Èyí jẹ àpò méjì?”

“Ó jẹ àpò méjì.”

“Èyí kò jẹ nǹkan kan?”

“Kò jẹ nǹkan kan.”

“Àwọn méjèèjì sì ga bákan náà.”

“Wọ́n ga bákan náà, Ìyá.”

“Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀?”

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó ní bí a bá fẹ́ fi nǹkan méjì wéra, ohun gbogbo tó yí wọn ká gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ó ní ohun tí ìgbìmọ̀ béèrè kọ́ ni oko yìí dáhùn. Ó ṣàlàyé dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Wọ́n ti ń dìde lórí àga, wọ́n ń rìn wọ inú oko, ọkùnrin kan ń wọn pòròpórò apá ọ̀tún mọ́ èjìká ara rẹ̀, ó lọ sí apá òsì, ó tún wọ̀n ọ́n. Mọ́nsúrù rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dára. Ó dìde, ó tún léèsì rẹ̀ ṣe, ó ní òun gan-an lòun gbé àpò méjèèjì wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún obìnrin àkọ́kọ́ lọ. Bàbá Kíkẹ́ wo ilẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ibì kan tí kò ní nǹkan kan rẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì, Dókítà rí wọn. Obìnrin kan tẹ̀ba bí ẹni tó ń di ìró, ṣírí ọkà mẹ́ta sì wọ inú ìró. Ẹlòmíì ki tirẹ̀ bọ inú fìlà. Ìyá Àwáwù kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ń ṣẹ́ ẹ bí ẹni tó wà lóko ara rẹ̀, apá ọ̀tún nìkan ló sì ń ṣẹ́. Òfin sọ pé irúgbìn tí ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ kúrò lóko. Dókítà ló kọ ìlà yẹn sínú ìwé òfin ibùdó. Ó rí àga kan tó ṣófo, ó sì jókòó lé e.

Ọ̀gá Àgbà ní tirẹ̀ ya fótò tó fẹ́. Ó jáde nínú ìwé-ìròyìn lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ọwọ́ sókè níwájú irúgbìn tuntun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mú jáde. Apá òsì ló dúró sí.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ Ìbàdàn dé ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n dúpẹ́ fún òtítọ́ inú rẹ̀. Wọ́n ní bó bá tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, inú àwọn yóò dùn láti wò ó. Nígbà yẹn, wọ́n ti yọ iná ibùdó, ewúrẹ́ sì ti ń sùn sí iwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí mẹ́rin, ó kó wọn lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó gbàgbé pátákó ìyìn sórí tábìlì, ó rántí rẹ̀ nígbà tó dé Òtu, kò sì ní kí awakọ̀ yí padà.

*

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ìsìnkú mọ̀lẹ́bí kan gbé e dé Ìrawọ̀. Nígbà tó ń padà lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń dúró sí, ó gba inú ọjà kọjá, kì í ṣe pé ó fẹ́ ra nǹkan. Ó rí ọkà bàbà nínú abọ́ ńlá kan. Ó dúró. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò yí i. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní ìṣòro.

Ọmọbìnrin tó ń tà á kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó ní kí Màmá rà á, pé ọkà tó wà lóde nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó ń gbin òmíràn mọ́ láti ibí dé Ògbóòrò. Dókítà béèrè ohun tí wọ́n ń pè é.

“Ọkà Àna ni, Màmá.”

Ó béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ọkùnrin olówó kan ní Ṣakí ló wá fẹ́ ìyàwó ní Ògbóòrò, ó fi ọkà náà ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ibi tí olówó náà ti rí i, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bóyá Mẹ́kà ló ti mú un bọ̀. Ìyàwó náà ti bí ìbejì. Dókítà ní ìyẹn dára. Ó sì dára lóòótọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkà lọ́wọ́, ó tún fi àtàǹpàkò yí i.

“Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, Màmá, ẹ má fi fatiláísà ṣòfò lórí rẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìlú ńlá wá, ẹ ò ní mọ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ilẹ̀ tó ti rẹ̀ gan-an ló fẹ́.”

Dókítà ní òun ti gbọ́. Ó ní kó wọn kóńgò kan fún òun.

Ọmọbìnrin náà ń wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé oníbàárà yìí jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tí kò yẹ kí ènìyàn rẹ́ jẹ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kò ní àléébù kankan àfi ọ̀kan ṣoṣo: ó máa ń pẹ́ gbó. Bí ọyẹ́ bá yá dé, á ká a mọ́ pòròpórò. Ẹni tó ṣe é kò parí iṣẹ́ rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni Dókítà wí. “Ọdún méjì sí i ló kù kí iṣẹ́ náà parí.”

Ọmọbìnrin náà wò ó, ṣùgbọ́n oníbàárà míì ti dé. Dókítà so ọkà náà sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì wá ibi tí bọ́ọ̀sì Ìsẹ́yìn wà. Ó ku ààyè kan lẹ́yìn. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan, ó fara ti fèrèsé, kí bọ́ọ̀sì sì tó jáde nínú ọjà, oorun ti gbé e lọ.